Lẹ́yìn Bébà Sìmẹ́ǹtì

Inú àpótí páànù tí Màmá ń kó ewé ẹlú sí tẹ́lẹ̀
ni mo ti bá wọn lánàá.
Wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún; ikán ti jẹ wọ́n létí,
òórùn aró ò tíì kúrò lára wọn.
Àwòrán Ìṣọ̀lá, àbúrò mi,
èyí tó yà kí eyín ọmọdé tó ká tán lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́fà, kò tíì pe ìyá.
Ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀,
ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ nílẹ̀ bí ìgbálẹ̀ tó gbó.
Bí mo bá ní, "Ìṣọ̀lá, wo ojú mi,"
etí mi ni yóò máa wò,
tàbí ògiri tó wà lẹ́yìn mi.
Ará Ìkẹ́rẹ̀kú ní orí rẹ̀ ò pé.
Ta ló mọ̀ pé orí tí wọ́n ní kò pé
ti ka páànù Abẹ́òkúta tán?

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wò wọ́n.
Bàbá gbé e léjìká gun òkè tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé wa,
wọn ò pẹ́ níbẹ̀ ju ká jẹ gúgúrú kọ́bọ̀ márùn-ún tán.
Bí wọ́n ti délé, ó ṣa èédú ní ìdí ààrò,
ó tẹ́ bébà sìmẹ́ǹtì sílẹ̀,
ó bẹ̀rẹ̀ láti igun kan bí ẹni ń hun ẹní:
páànù tó dípatà, páànù tí wọ́n fi òkúta tẹ̀ mọ́lẹ̀,
páànù Bàbá Ṣówùnmí tí ìjì ká etí rẹ̀ sókè,
ihò mẹ́ta lórí ilé Alájọ
tí Alájọ fúnra rẹ̀ ò mọ̀, àfìgbà tí òjò dé.
Kò pa nǹkan kan rẹ́. Kò ní rọ́bà, kò sì wá a.

Nígbà tí bébà tán, ó bọ́ sórí ògiri.
Lánlọ́ọ̀dù ní ká kun ún.
Màmá san owó ọ̀dà, ó wá fi àpótí dí ibì kan,
ibi tí ọwọ́ òun méjèèjì wà nínú ìkòkò aró,
èékánná mẹ́wàá, kò sí orí, kò sí ojú.
Ìṣọ̀lá kì í ya ojú ènìyàn.
Màmá ní, "Ọwọ́ mi rèé. Kò sí ẹlòmíràn tó ní in."

Ọdún tí katapílà wá mú títì fẹ̀,
ilé mọ́kànlélógún wó láàárín ọjọ́ méjì.
Ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn wa,
àwọn tó ní orí rẹ̀ ò pé.
Wọ́n kúnlẹ̀ yí bébà ká, wọ́n ń fi ìka wá ilé wọn.
Bàbá Ṣówùnmí rí páànù rẹ̀,
ó rí igbá ìyàwó rẹ̀ olóògbé lójú fèrèsé,
igbá tó sán létí.
Ó jókòó sílẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.
Ìṣọ̀lá wà ní kọ̀rọ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń to èèpo.

Èmi ńkọ́?
Èmi tí mò ń wẹ̀ ẹ́, tí mò ń nu itọ́ rẹ̀,
mo wá ara mi tì nínú gbogbo bébà.
Mo bínú. N ò ní purọ́,
ọdún púpọ̀ ni mo fi bínú.

Lánàá ni mo tó rí i:
níbikíbi tí ilé wa bá ti hàn, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀,
sílípáàsì kan wà lẹ́nu ọ̀nà,
okùn rẹ̀ já, wáyà ni wọ́n fi so ó.
Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Tèmi ni.

Ti òsì bọ́ lẹ́sẹ̀ mi ní Láfẹ́nwá
lọ́jọ́ tí mo sáré lọ gbé e kúrò lójú irin,
tí rélùwéè ń fọn fèrè bọ̀ lórí afárá.
Mo wá àwòrán rélùwéè náà jáde, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.
Wágùnù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo kà á.
Lábẹ́ irin, láàárín igi keje àti ìkẹjọ,
nǹkan kékeré kan wà tó dà bí ewé.
Mo gbé e lọ sí ibi ìmọ́lẹ̀.
Kì í ṣe ewé.